Wọ́n ní kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àbúrò mi, àmọ́ ó ṣì ń rù. Kí ló kù tí a lè ṣe ní Ìbàdàn?

Ọmọ_Bẹẹrẹ (Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orúkọ tí wọ́n sọ mí kọ́ ni mo fi wọlé síbí, ẹ má bínú sí i.

Àbúrò mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ yìí kàn. Kò tíì pé ogójì ọdún. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n bá HIV níbẹ̀. Ó gba kámú, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn. Oògùn náà kò tíì wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin tí ara ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í le sí i dípò kó fúyẹ́. Ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru tó ń rin aṣọ ibùsùn, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ. Ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, okùn ló fi ń so ó mọ́dìí báyìí. Ikọ́ ẹ̀ kò le rárá o, ó kàn ń hú díẹ̀díẹ̀ ni.

Sẹ́ńtà kan ládùúgbò wa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ. A ya X-ray àyà, wọ́n ní ó mọ́. Wọ́n ní ká máa fún un ní fítámì. Kẹ́míìsì ìtòsí ilé fún un ní cipro, ara ẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó tún padà síbi tó wà. Màmá wa ti fàáké kọ́rí pé oògùn HIV yẹn ló ń pa á, kó dá a dúró.

Ṣé ká gbà pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ? Àbí ibòmíràn wà tó yẹ ká lọ? Owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí o.

Rẹ́mí_Challenge (Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́. Tí X-ray bá ti mọ́, ọ̀rọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ parí nìyẹn. Ṣebí inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbé? Taifọ́ọ̀dù ni. Ẹ lọ ṣe Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá a. Bó ṣe ṣe ìyàwó tèmi náà nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ ni ibà ẹ̀ máa ń dé.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Ajé, 9:05 àárọ̀)

Rẹ́mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fi Widal bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Nílùú tí taifọ́ọ̀dù pọ̀ bíi tiwa yìí, ọ̀pọ̀ wa ni Widal máa sọ pé ó wà lára ẹ̀, yálà ara ń ṣe wá tàbí kò ṣe wá.

Ìwọ ọmọ mi tó bèèrè, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ni mo sì pẹ́ sí jù. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ṣe ni pé kí o yọ ìwé èsì kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹn síta. Tó bá jẹ́ “AFB” ni wọ́n kọ sí i, microscope ni wọ́n fi wò ó. Microscope kì í rí kòkòrò yìí àfi tó bá pọ̀ gan-an. Nínú mílílítà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan, ó ní láti tó 5,000 sí 10,000 kó tó hàn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí HIV ti mú agbára ara ẹ̀ lọ kì í sábà ní iye bẹ́ẹ̀. Ara tó lágbára ló ń bá kòkòrò náà jà títí ẹ̀dọ̀fóró fi ń dá ihò, inú ihò yẹn ni kòkòrò ti ń rọ́ bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ara tí kò lè jà kì í dá ihò. Kòkòrò á kàn máa rìn ká: á wọ kókó ọrùn, á wọ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, á wọ ikùn, á wọ eegun ẹ̀yìn, ó tilẹ̀ lè wọ awọ tó bo ọpọlọ. Ìdí kan náà ni X-ray fi lè mọ́ tónítóní kí ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà lára.

Ti pé ikọ́ ẹ̀ kò le, ẹ má fọkàn sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ń pariwo lórí rédíò, ẹni tí kò ní HIV ló wà fún. Láti 2011 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá ní HIV, tó bá ń wúkọ́ lónìí yìí, bó ti wù kó kéré mọ, tàbí tó ní ibà, tàbí tó ń rù, tàbí tó ń làágùn lóru, ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tó kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé sára àbúrò rẹ.

Kí ó lọ ṣe GeneXpert, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ẹ̀rọ wá àbùdá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ, ẹ kò ní sanwó fún ìyẹn, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ náà kò sì lówó nínú. Ilé ìwòsàn ikọ́ tó wà ní Jẹ́ríkò, iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn. UCH ní Orítamẹ́fà náà ń ṣe é.

Ẹ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dá oògùn HIV yẹn dúró. Mo ń padà bọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí èyí tí màmá yín ń sọ, mo fẹ́ lọ gbé ìkòkò kalẹ̀.

Kẹ́míìsì_Apẹtẹ (Ajé, 9:31 àárọ̀)

Màmá, mo kí yín. Àmọ́ ẹ̀rí kan wà níbẹ̀ tí ẹ fò. Ara ọmọ náà fúyẹ́ nígbà tó lo cipro. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í gbọ́ cipro, oògùn mẹ́rin pọ̀ ni wọ́n fi ń lé e. Àkóràn àyà lásán ni, ọjọ́ tó lò ó ni kò pé. Kí wọ́n tún un lò, ọjọ́ mẹ́wàá lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ_Láàbù (Ajé, 10:16 àárọ̀)

Kẹ́míìsì, ẹ rọra o. Ìdílé oògùn tí cipro ti wá ń tẹ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lórí mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Levofloxacin tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, òun gan-an wà lára oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí rifampicin, olórí oògùn rẹ̀, kò ràn mọ́. Torí náà, pé ara fúyẹ́ kò sọ pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín kòkòrò kù nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, àyẹ̀wò á wá máa pàdánù rẹ̀, bó bá sì pẹ́, èyí tó kù á mọ oògùn náà lára. Ẹ má tún un lò.

Ẹni tó bèèrè, ṣé ṣáájú kí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀ ló lo cipro yẹn?

Àdùkẹ́_ÒkèÀdó (Ajé, 11:02 àárọ̀)

Èmi náà ń gbé pẹ̀lú HIV, ó ti pẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe àbúrò yín ni wọ́n ṣe ṣe èmi náà níbẹ̀rẹ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí. X-ray, ó mọ́. Mo rù débi pé òrùka ìgbéyàwó mi bọ́ sínú omi ìfọṣọ láìmọ̀. Wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù níkẹyìn, mi ò sì rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan hú jáde mọ́. Dókítà obìnrin kan ló dé, kékeré báyìí, ó ní kí n tọ̀ sínú ìgò fún òun. Mo rò pé oyún ló fẹ́ wò, àfi bí inú ṣe bí mi! Nọ́ọ̀sì kán ìtọ̀ náà sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó gbé e síbi fèrèsé, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì lójú ìmọ́lẹ̀. Ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ó gbé káàdì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ní “ó wà níbẹ̀.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbé oògùn àkọ́kọ́ mì.

Ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Ẹ fi GeneXpert sílẹ̀, ìtọ̀ ló dájú jù.

Ọmọ_Láàbù (Ajé, 11:48 àárọ̀)

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú oríire o. Àyẹ̀wò tí ẹ ń sọ ni a ń pè ní LAM. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kí n sì tako ibì kan.

Ohun tí LAM ń wá kì í ṣe kòkòrò fúnra rẹ̀, ohun kan tó wà lára èèpo kòkòrò náà ni, tó ń bá ìtọ̀ jáde. Ìtọ̀ díẹ̀ báyìí, iṣẹ́jú 25, èsì dé. Ìlà tó bá ti hàn tó bó ṣe wà lára káàdì, bó ti wù kó rẹ̀ tó, ó wà nìyẹn. Lọ́dún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú sí i ní 2019. Ẹni tó ní HIV nìkan ló wà fún. Tí wọ́n bá dá onítọ̀hún dúró sílé ìwòsàn, tó bá ní àmì ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí tí àìsàn náà bá le, tàbí tí CD4 rẹ̀, ìyẹn iye sójà ara, kò bá tó 200, kí wọ́n ṣe é. Tó bá ń ti ilé wá, tó sì ní àmì, wọ́n lè ṣe é náà. Tí kò bá ní àmì kankan, àfi tí CD4 rẹ̀ kò bá tó 100. Àbúrò ẹni tó bèèrè ní àmì, ó tọ́ sí i.

Ibi tí n ó ti tako yín rèé: ẹ má ní kí wọ́n fi GeneXpert sílẹ̀. LAM tí kò rí nǹkan kò sọ pé nǹkan kò sí, ó máa ń fo púpọ̀, pàápàá lára ẹni tí sójà ara rẹ̀ kò tíì tán. Kò sì lè sọ bóyá rifampicin á ràn án. GeneXpert ló ń sọ ìyẹn, láàárín wákàtí méjì. Méjèèjì pọ̀ ni kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà. Tí LAM bá ti ní ó wà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí GeneXpert máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà ń bí àwa tó wà ní láàbù nínú. Ìdajì ohun tí wọ́n ń gbé wá fún wa, itọ́ ẹnu ni. Kí ó jí láàárọ̀, kí ó fi omi lásán yọ ẹnu, kí ó bọ́ síta gbangba níbi tí atẹ́gùn wà, kí ó mí sínú dáadáa lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó wá hú u láti ìsàlẹ̀ àyà. Ohun tó bá ki, tó ń fà, òun la ń fẹ́. Tí kò bá jáde, kí wọ́n fún un ní ìkùukùu omi iyọ̀ mí sínú nílé ìwòsàn, á wá. Ẹ má fipá tọ́jú itọ́ fún wa.

Rẹ́mí_Challenge (Ajé, 12:20 ọ̀sán)

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ká ṣáà gbà pé GeneXpert ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kì í purọ́. Tó bá ní kò sí, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn lọ. Àbí kí ni wọ́n ń pè ní Mantoux yẹn, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún lápá? Kí wọ́n kúkú ṣe ìyẹn náà kọ́kàn wọn balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Mantoux kò wúlò níbí. Ohun tó ń sọ ni pé ara ti pàdé kòkòrò náà rí, kì í sọ pé àìsàn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ara tí HIV ti mú rọ kì í sì í dáhùn sí i, apá á tẹ́jú kalẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

GeneXpert kì í ṣe òpin náà. Irú rẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní Ultra gbọ́n gan-an, bíi 16 kòkòrò nínú mílílítà kan ti tó fún un. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí kò sí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ibo ni ẹ̀rọ á ti rí i? Tó bá jẹ́ inú ikùn ló fara pa mọ́ sí ńkọ́? Mo ti rí ẹni tí ẹ̀rọ ní kò sí lára ẹ̀, tí dókítà wo àpapọ̀ àmì, tó wo bó ṣe ń rù, tó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn láìdúró de ẹ̀rọ kankan. Ìwé ìlànà fàyè gbà á. Wọ́n lè gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà sí láàbù kí kòkòrò hù jáde, ìyẹn ló péye jù, àmọ́ ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni tó ń kú lọ kò lè dúró dè é.

Ó yá, ọ̀rọ̀ màmá yín. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa pé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV ni ara rẹ̀ le. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò bá a mu. Kó tó di pé ó ń lo oògùn, sójà ara rẹ̀ ti sùn. Olè ti wà nínú ilé, kò sẹ́ni tó pariwo. Oògùn wá jí sójà, sójà rí olè, ìjà bẹ́ sílẹ̀: ibà, òógùn, kókó tó ń wú. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá dá oògùn dúró nítorí rẹ̀ ti dá sójà padà sórí ibùsùn. Ẹ ṣàlàyé fún màmá bẹ́ẹ̀, á yé wọn.

Ọmọ_Bẹẹrẹ (Ajé, 8:47 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, ojú mi ti là. Mo yọ ìwé náà: AFB ni wọ́n kọ sí i lóòótọ́. Ó ti lo cipro kó tó di pé wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, Ọmọ_Láàbù.

Mo bèèrè CD4, kò sí nínú fáìlì ẹ̀ rárá. Wọ́n ní ìwọ̀n kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò báyìí, tó bá pé oṣù mẹ́fà. Nǹkan mìíràn: nígbà tí Màmá Nọ́ọ̀sì dárúkọ kókó ọrùn, mo ní kó bọ́ ẹ̀wù. Nǹkan kan wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ lápá òsì, ó tó kóró àgbálùmọ̀ méjì, kò dùn ún. Ó ní ó ti tó ìgbà díẹ̀, òun rò pé eyín ló fà á.

Ọmọ_Láàbù (Ajé, 9:10 alẹ́)

Háà! Ẹ fi kókó yẹn han dókítà kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi inú ẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú GeneXpert bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Láti 2013 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìyẹn. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ náà, ẹ bèèrè kí ẹ tó lọ.

CD4, ẹ takú pé kí wọ́n ṣe é. Àtìgbà tí wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tó bá ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn lójú ẹsẹ̀ láìwo iye sójà ni ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ti pa á tì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òun ló ń sọ bí ewu ṣe pọ̀ tó.

Bàbá_Onímikíra (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Mò ń na Mọ́kọ́lá sí Jẹ́ríkò lójoojúmọ́, mo mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe. Wọn kì í fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì ibi tí wọ́n ti ń wo ikọ́. Wọ́n á ní kí n gbé àwọn kọjá díẹ̀, wọ́n á wá fẹsẹ̀ rìn padà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ó má sọ níbẹ̀ pé òun ní HIV. Ikọ́ ló bá wá, ikọ́ ni kó sọ. Ìbàdàn yìí, ta ló mọ ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Èrò yín dáa, àmọ́ ìmọ̀ràn yìí lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Tí wọn kò bá mọ̀ pé ó ní HIV, wọn kò ní rántí àyẹ̀wò ìtọ̀, wọ́n á ní kó padà wá tí ikọ́ rẹ̀ bá pé ọ̀sẹ̀ méjì. Tí wọ́n bá tún fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ láìmọ̀, rifampicin inú rẹ̀ á máa lé dolutegravir tó ń lò fún HIV jáde lára kíákíá, ìyẹn kò ní ṣiṣẹ́ tó. Ó yẹ kí wọ́n fi dolutegravir mílígíráàmù 50 kan kún un lálẹ́, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Kò pọn dandan kó sọ ọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Kó mú káàdì sẹ́ńtà rẹ̀ dání, kó fi han dókítà tàbí nọ́ọ̀sì nínú yàrá. Òfin wà láti 2014 tó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi HIV yẹ̀yẹ́ èèyàn tàbí kí ó tú àṣírí rẹ̀.

Kẹ́míìsì_Apẹtẹ (Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀)

Ti káàdì yẹn, mo fara mọ́ ọn. Kó kó páálí oògùn tó ti lò náà dání, àti cipro àti fítámì. Gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Alágbo_Ọjàaba (Ìṣẹ́gun, 10:44 àárọ̀)

Mo rò pé ẹnìkan á ti dárúkọ àgbo kí n tó dé ibí. Èmi ń ta àgbo, màmá mi ta á, ìyá màmá mi ta á. Ẹni tó bá ń rù, tó ń làágùn lóru, tí kókó yọ lọ́rùn rẹ̀, mi ò ní bu àgbo fún un, màá ní kó lọ yẹ ara ẹ̀ wò. Tó bá sì ti ń mu nǹkan kan láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, kó sọ fún dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ru oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ má tún di àgbo lé e lórí.

Àdùkẹ́_ÒkèÀdó (Ìṣẹ́gun, 11:05 àárọ̀)

Ìyá àgbo, ẹ ṣé é jàre. Ẹ bá wa bá àwọn tó kù ní Ọjàaba sọ̀rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Sángo (Ìṣẹ́gun, 2:18 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bọ ọ́ díẹ̀. Mo ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, mo lo oògùn parí, ara mi yá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọ̀fìnkìn mú mi, wọ́n ṣe GeneXpert, ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ wà. Mo sunkún títí. Wọ́n gbin kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà, nǹkan kan kò hù. Ṣé wọ́n lè tan àbúrò yín náà bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Láàbù (Ìṣẹ́gun, 3:00 ọ̀sán)

Wọn kò tàn yín, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yà ara kòkòrò tó gbé àbùdá rẹ̀ ni GeneXpert ń wá, òkú kòkòrò sì ń gbé tirẹ̀ dání. Fún ọdún mélòó kan ló ṣì lè wà lára ẹni tó ti lo oògùn parí. Ẹ máa sọ fún wọn pé ẹ ti ní in rí, nígbàkúùgbà.

Àbúrò ẹni tó bèèrè kò lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Tí èsì rẹ̀ bá tilẹ̀ jáde pẹ̀lú “trace”, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ kàn rí àmì kòkòrò náà bín-ín-tín, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kà á sí “kò sí.” Fún ẹni tó ní HIV, wọ́n gbọ́dọ̀ ka trace sí ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Ìṣẹ́gun, 3:26 ọ̀sán)

Kí n má gbàgbé: tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí ọrùn ẹ̀ bá gan, tó bá ń sọ̀rọ̀ kàtìkàtì, tàbí tí kò lè dá rìn mọ́, tàbí tó ń mí ju ìgbà 30 lọ ní iṣẹ́jú kan, ẹ má dúró de ọjọ́ kíláníìkì. Lóru náà ni kí ẹ gbé e lọ.

Ọmọ_Bẹẹrẹ (Ọjọ́ Ẹtì, 5:33 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A lọ. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ GeneXpert: kò sí. Ìtọ̀: ìlà rírẹ̀ kan hàn, dókítà méjì ló wò ó. Omi inú kókó ọrùn, GeneXpert ní ó wà, rifampicin sì ń ràn án. CD4 ẹ̀ jẹ́ 68. Ọjọ́rú ló bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n fi dolutegravir kún un lálẹ́ bí Màmá ṣe wí, wọ́n fún un ní Septrin náà, tó ń dènà àkóràn mìíràn.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sójà fún ìyá wa. Wọ́n ní “ṣé ìdí rẹ̀ nìyẹn?” Àwọn fúnra wọn ló ń ka oògùn fún un báyìí.

Ìbéèrè tó kù: ilé kan náà la ń gbé. Ọmọ mi kan jẹ́ ọdún mẹ́ta, èkejì jẹ́ méje. Ṣé kí n ya àwo oúnjẹ ẹ̀ sọ́tọ̀? Ìtọ̀ ẹ̀ sì ti pọ́n bíi Fanta, ẹ̀rù ń bà á.

Ọmọ_Láàbù (Ẹtì, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Rifampicin ló ń pọ́n ìtọ̀ lára, kò séwu. Omijé rẹ̀ gan-an lè pọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Ẹtì, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́. Èsì yín gan-an ló fi hàn pé ká ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nìkan ni ẹ dúró lé, wọ́n ì bá tún ti dá yín padà sílé.

Àwo kì í kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ranni, afẹ́fẹ́ ni. Ti kókó ọrùn kì í ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wúkọ́ ni, ẹ ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀, kó sì má bá àwọn ọmọ sùn pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí. Kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sí kíláníìkì kan náà, àti ìwọ àti màmá. Ọmọ ọdún mẹ́ta yẹn ni kó ṣáájú. Tí kò bá ní àmì kankan, wọ́n á fún un ní oògùn ìdènà. Tó bá ń wúkọ́, tí kò sì lè hú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n lè fi ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe GeneXpert, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní ọmọdé kò ṣe é yẹ̀ wò.

Kókó ọrùn yẹn lè tún wú sí i ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Tó bá wú, ẹ padà lọ fi hàn wọ́n, ẹ má dá oògùn kankan dúró. Tó bá lo ti ikọ́ ẹ̀gbẹ parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó ṣì máa lo dolutegravir ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà sí ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí ìyẹn. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Rẹ́mí_Challenge (Ẹtì, 7:15 alẹ́)

Màmá, ìyàwó mi tí mo sọ níjọ́sí, a kò tíì yẹ HIV wò fún un rí. Ibo la ti lè ṣe é láìsanwó?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà (Ẹtì, 7:22 alẹ́)

Ilé ìwòsàn ìjọba èyíkéyìí tó bá sún mọ́ yín. Kí ẹ̀yin náà bá a lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀yin méjèèjì wò.